Kí ló ń fa àwọn arìnrìn-àjò tó fẹ́ràn oúnjẹ lọ sí Tàílàńdì?

Adùn tó pọ̀ nínú abọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ wo tom yum kung, ọbẹ̀ edé tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, fi sínú àkójọ àṣà rẹ̀ lọ́dún 2024: koríko ọba ń ta sánsán, ọsàn wẹ́wẹ́ mú un kan, ata ń jó lẹ́nu, omi ẹja oníyọ̀ sì wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Èkejì, kò dìgbà téèyàn bá wọ ilé oúnjẹ olówó ńlá. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń se èyí tó dùn jù, lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ìyá àgbà kan wà ní Bangkok, Jay Fai, tó ń fi iná èédú dín ẹyin tí akàn kún inú rẹ̀. Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ tó dáa lọ́lá, fún un ní ìràwọ̀ kan lópin 2017. (Tiẹ̀ wọ́n o! Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá lọ tówó bá kéré.)

Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló tún ní tiẹ̀. Ní Isan, lápá àríwá ìlà-oòrùn, ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń gún pẹ̀lú ata fún som tam, wọ́n á sì fọwọ́ bu ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ pọ̀ jẹ ẹ́. Chiang Mai, ìlú kan ní àríwá, ló ni khao soi, ìyẹn núdù nínú ọbẹ̀ kọ́rì olómi àgbọn. Ní tèmi, oúnjẹ gúúsù ló ta jù.

Ẹni tí edé tàbí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kó tètè sọ fún alásè. Wọ́n máa ń wà nínú ohun téèyàn ò fọkàn sí.