Wọ́n gba kírẹ́díìtì mi, síbẹ̀ wọ́n ní ọdún 3 ló kù

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti lo ọdún 2 ní community college kan (ilé-ìwé gíga ọlọ́dún 2) níbí ní Amẹ́ríkà, físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1 ni mo fi wọlé. Yunifásítì tí mò ń lọ ní àwọn gba 58 nínú kírẹ́díìtì 60 tí mo ní. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí ẹ̀ka ẹnjiníà sọ pé ọdún 3 ló kù fún mi, kì í ṣe 2. Mi ò tíì lè sọ fún bàbá mi tó ń san owó. Ìròyìn físà ò jẹ́ kí n sùn mọ́, àwọn tí a sì jọ ń gbé máa ń bá mi jiyàn òṣèlú di òru, wọ́n tún ní kí n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ṣé kí n má lọ mọ́ ni?
Ọmọ tí ọ̀rọ̀ sú

Ọmọ mi, lọ. Ẹni tó ní àwọn gba 58 kò purọ́ fún ọ, ẹni tó ní ọdún 3 ló kù náà kò purọ́. Ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ́fíìsì ìgbàwọlé ló ń ka kírẹ́díìtì mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń sọ èyí tó máa ṣiṣẹ́ fún dìgírì. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ìta fún kírẹ́díìtì rẹ, wọn ò tíì fún un ní yàrá.

Ìwé tó máa fi èyí hàn ọ́ ni wọ́n ń pè ní degree audit. Bèèrè fún un, kí o kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wá kóòsì tí wọ́n kọ «elective» sí níwájú, ìyẹn kóòsì àṣàyàn tí kò rọ́pò èyí tí ẹ̀ka béèrè. Ibẹ̀ ni ọdún kan rẹ sá pamọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé físíìsì tí o ṣe kò ní wákàtí láàbù tó bí wọ́n ṣe fẹ́, tàbí pé àkọlé kóòsì rẹ kò bá tiwọn mu, ẹni tó wò ó sì yára jù ú sínú àpò «elective». Bí ilé-ìwé rẹ bá ń lo quarter (sáà kúkúrú), tí ibi tí ò ń lọ ń lo semester (sáà gígùn), ìṣirò tún wọ̀ ọ́: kírẹ́díìtì 3 ti quarter ni 2 ti semester. Kóòsì tó jẹ́ 4 lọ́hùn-ún á di 2.67, ẹ̀ka tó ń béèrè 3 sì lè ní kò pé.

Sílábọ́ọ̀sì ni wàá fi jà. Kó ti kóòsì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jù síbẹ̀ jọ, kó sì jẹ́ ti sáà tí o ṣe é gan-an, kì í ṣe ti ọdún yìí tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ fi ohun tí ẹ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, orúkọ ìwé tí ẹ lò, àti iye wákàtí láàbù. Bí o bá ṣì ní ìròyìn iṣẹ́ láàbù rẹ, fi 2 tàbí 3 kún un. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni kí o fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ọ́fíìsì ìgbàwọlé. Kọ lẹ́tà kan fún kóòsì kan. Bí o bá di 6 pọ̀ nínú lẹ́tà kan, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n máa dáhùn, ìyókù á sùn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ìtòtẹ̀léra. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà dà bí àtẹ̀gùn: calculus 1 kí 2 tó dé, 2 kí 3 tó dé, differential equations lẹ́yìn wọn. Kóòsì kan ṣoṣo tó bá sọnù lè fa gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́yìn fún sáà kan tàbí ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tìẹ, o lè ṣe èyí tó sọnù ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn (summer) ní community college rẹ, owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti yunifásítì. Àmọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka tuntun kí o tó san owó, pé wọ́n á lo kóòsì náà fún ohun tó sọnù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Ibí ni F-1 ti wọ ọ̀rọ̀. Ìwọ àti òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó I-20 rẹ (ìwé tí ilé-ìwé fi ń jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ọ́) lẹ máa yan ọjọ́ tí wọ́n máa tú àkọsílẹ̀ SEVIS rẹ, ìyẹn àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọ̀ ìjọba, sílẹ̀ fún ilé-ìwé tuntun. Láti ọjọ́ náà, ilé-ìwé àtijọ́ ò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́, bí o bá sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wọn, iṣẹ́ náà parí lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, jẹ́ kó bọ́ sẹ́yìn kóòsì ẹ̀ẹ̀rùn. Kíláàsì tuntun gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 5 sí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ náà. Bí I-20 tuntun bá dé, wo ọjọ́ ìparí tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá kúrú ju iye sáà tí ẹ̀ka sọ fún ọ lọ, ní kí wọ́n tún un ṣe kíákíá. Bí o bá kó ilé, sọ àdírẹ́sì tuntun fún wọn láàárín ọjọ́ 10.

Ní sáà àkọ́kọ́, kírẹ́díìtì 12 ni òfin béèrè. Má kọjá 14. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, GPA àtijọ́ kì í bá ọ wọlé, orí òdo ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èsì àtijọ́ tó máa gbé ọ dúró bí sáà yẹn bá burú.

Ní ti ìròyìn: físà inú ìwé ìrìnnà rẹ, ìwé ìwọlé ni. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá nígbà tí o ṣì wà ní Amẹ́ríkà, tí SEVIS rẹ sì dára, ìyẹn nìkan ò lè lé ọ kúrò. Ìgbà tí o bá jáde tí o sì fẹ́ padà ló máa di wàhálà. Nígbà tí o bá rí àkọlé tó ń dẹ́rù bani, wò ó bóyá òfin ti jáde ni àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè á kọ̀wé sí ọ bó bá kàn ọ́. Tiwọn ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o sì jẹ́ kí fóònù sùn ní yàrá mìíràn.

Àwọn tí ẹ jọ ń gbé lè fẹ́ràn rẹ o, ṣùgbọ́n má forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ń dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin àgbà, fọ́ọ̀mù náà sì máa ní kí o fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ ni ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n máa ń béèrè bí o bá lọ gba ìwé ìwakọ̀. Rárá ni ìdáhùn. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀ nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ara rẹ̀ títí láé, kódà bó ṣe àṣìṣe ni. Bá wọn jiyàn bí o bá fẹ́, àmọ́ láti 2019 ni fọ́ọ̀mù físà ti ń béèrè orúkọ tí èèyàn ń lò lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ayélujára láàárín ọdún 5. Ohun tó yẹ kó parí nínú yàrá, má gbé e síbẹ̀. Bó bá di aago 11, sọ pé «ẹ jẹ́ ká fi tòní mọ síbí», kí o dìde.

Bàbá rẹ ló kù. Má pè é lónìí. Dúró kí audit àti ìdáhùn sílábọ́ọ̀sì dé, kí o lè sọ iye sáà tó kún un àti iye owó tí sáà kan jẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ sáà kan péré ló kún un lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, «bàbá mi, sáà kan ló kún un» yàtọ̀ gan-an sí «ọdún 3».