Shabbaton àkọ́kọ́ yín: ohun tó gbọ́dọ̀ ti parí kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀

Bọ̀dá, ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á: Kìrìsìtẹ́nì ni Bọ̀dá tó béèrè, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kan ní New Jersey, tí tọkùnrin tobìnrin ń lọ, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n ṣe alábòójútó ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kó 90 ọmọ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì fún Shabbaton ní oṣù Kejìlá 2026, ìyẹn ni pé kí gbogbo wọn jọ pa Sábáàtì mọ́ níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì di alẹ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ọdún ti gorí ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì rí ni pé Shabbaton kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń bàjẹ́. Tí oòrùn Ẹtì bá ti wọ̀, kò sí títan iná, kò sí pípa á, kò sí sísè, kò sí kíkọ̀wé, kò sí fóònù, kò sí ọkọ̀ wíwọ̀, kò sí owó níná. Ohun tí ẹ kò bá tíì ṣe di alẹ́ ọjọ́ kejì nìyẹn.

Kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ tún ọjọ́ tí wọ́n mú yẹ̀ wò. Òṣùpá ni kàlẹ́ńdà àwọn Júù ń tẹ̀lé, àwọn àjọ̀dún wọn sì máa ń sún síwá sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà tí àwa ń lò. Ní 2026, Hánúkà, àjọ̀dún ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ń tan iná lálaalẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ó sì parí ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ọjọ́ 12. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì tó bá bọ́ sínú Hánúkà, iná Hánúkà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn kí wọ́n tó tan ti Sábáàtì, ó sì gbọ́dọ̀ lè jó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí náà àbẹ́là tín-ín-rín inú páálí kò lè tó. Ẹ wá fojú inú wo 90 ọmọ tí ń tan iná nínú hòtẹ́ẹ̀lì! Òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ 18 sí 19, sún mọ́ ààwẹ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù Tẹ́bẹ́tì, tó bọ́ sí Àìkú ọjọ́ 20. Láti ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà. Tó bá ṣe èmi, àárín oṣù Kọkànlá ni màá gbé lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá fi dandan lé oṣù Kejìlá, ẹ mú ọjọ́ 18, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ padà sílé ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀ Àìkú.

Ní àárín oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní àgbègbè yín. Ìṣẹ́jú 18 ṣáájú ni wọ́n ń tan àbẹ́là Sábáàtì, ìyẹn nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí bọ́ọ̀sì ti gúnlẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù. Àwọn òbí kan yóò ní ó ti yá jù, ẹ má gbà fún wọn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán Ẹtì ń bẹ níbẹ̀, gbogbo ọmọ ló sì fẹ́ wẹ̀ ní wákàtí kan náà, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná hòtẹ́ẹ̀lì máa ń tán. Bọ́ọ̀sì tó bá há sójú títì tí oòrùn fi wọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ pé ẹ pẹ́. Ọ̀rọ̀ òfin ló dà, rábì tí ẹ bá sì pè kò ní gbé fóònù. Ẹ fi rábì kan tàbí olùkọ́ ẹ̀sìn kan sínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lọ fojú ara yín wo hòtẹ́ẹ̀lì náà. Káàdì oníná ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ní ibi púpọ̀, àwọn ọmọ kò sì lè lò ó ní Sábáàtì. Ẹ béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ onírin wà. Tí kò bá sí, ẹ bá máníjà ṣe àdéhùn tó wà nínú ìwé pé òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yóò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn wákàtí tí ẹ fẹnu kò sí, yóò máa ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan máa ń fi sẹ́lótéèpù dí ojú kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀kùn má lè tì. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí gbogbo ẹni tó bá kọjá ló lè wọlé. Ẹ wo ilẹ̀kùn àbáwọlé tó ń ṣí fúnra rẹ̀, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń tàn bí èèyàn bá kọjá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń da omi fúnra rẹ̀, àti ẹ̀rọ amúlémóoru tó ń mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú yàrá. Kí wọ́n pa àwọn tó ṣeé pa, kí wọ́n sì yan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan tí wọn yóò máa ṣí pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ̀ṣọ́ dúró síbẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, torí àtẹ̀gùn ni wọn yóò máa gùn.

Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ tan iná ilé ìwẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọ tó bá dìde lójú oorun lóru yóò tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, yàrá náà á sì wà lókùnkùn di alẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹ yọ gílóòbù inú fíríìjì. Ẹ gbé páálí tíṣù tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí wọn kì í ya ti rólù. Gbogbo èyí, àwọn ọmọ kíláàsì Kejìlá mẹ́fà lè ṣe é tán láàárín wákàtí kan tí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn.

Eruv ni ààlà tí wọ́n fi òpó àti okùn ṣe yí àdúgbò ká. Níbi tí kò bá sí, wọn kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun rìn ní ìta, ìbáà ṣe ìwé àdúrà tàbí ańkáṣífù inú àpò. Ẹ jẹ́ kí yàrá àdúrà, gbọ̀ngàn ìjẹun àti yàrá oorun wà lábẹ́ òrùlé kan, wàhálà ìyẹn tán. Ní ti àkájọ ìwé Tórà tí wọn yóò kà, ẹ jẹ́ kí rábì fúnra rẹ̀ ṣètò gbígbé e. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ kò ju àga, aṣọ ìkélé láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àti tábìlì tó dúró ṣinṣin lọ.

Oúnjẹ ló ń gba èrò jù. Ẹ má jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì sè é. Ilé ìdáná tó bá ti ń se oúnjẹ tí kì í ṣe kosher, ìyẹn tí kò bá òfin oúnjẹ àwọn Júù mu, gbọ́dọ̀ wà láìlò fún wákàtí 24 kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di kosher, hòtẹ́ẹ̀lì tó sì máa yọ̀ǹda ilé ìdáná rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ kò wọ́pọ̀. Alásè tó ní mashgiach, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ pé oúnjẹ bá òfin mu, ni kó gbé gbogbo rẹ̀ wá. Kí oúnjẹ ti jinná, kó sì ti wà lórí irin gbígbóná kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹ̀rọ omi gbígbóná kún, kó sì ti hó. Wọn kò ní lè bu omi tútù kún un mọ́.

Ìṣirò fún 90 ọmọ: tábìlì mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Búrẹ́dì challah méjì ló ń wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 18 ni fún alẹ́ Ẹtì, 18 fún ọ̀sán Àbámẹ́ta, kí ẹ sì ra búrẹ́dì kéékèèké fún oúnjẹ kẹta ní ìrọ̀lẹ́. Fún Kiddush, àdúrà tí wọ́n ń gbà sórí wáìnì, omi èso àjàrà ni ti àwọn ọmọ. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tọ́ mílílítà 60 wò, ó di lítà márùn-ún ó lé díẹ̀. Ìgò ńlá mẹ́ta, irú èyí tó ń gba lítà méjì dín díẹ̀, tó o, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ife ẹni tó ń ka Kiddush gbọ́dọ̀ gbà tó mílílítà 86. Àwọn kan kò gbà kó dín sí 150, ẹ kúkú ra èyí tó tóbi.

Kí wọ́n tó jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń fi ife olétí méjì bu omi sọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọn kì í sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi fi búrẹ́dì kan ẹnu. Tí ẹ bá fi ife méjì sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, ìlà yóò gùn, àwọn tó kọ́kọ́ ṣan ọwọ́ yóò jókòó láìlè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ife mẹ́jọ, jọ́ọ̀gì omi ńlá àti bàsíà sí ibi mẹ́ta. Gbogbo ìkéde, ẹ ṣe é kí wọ́n tó dìde lọ ṣanwọ́.

Àmì orí ìpanu náà ń tan èèyàn jẹ. OU ni àmì àjọ kan tó ń fọwọ́ sí oúnjẹ kosher. Tó bá ní D lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó túmọ̀ sí pé wàrà wà nínú oúnjẹ náà tàbí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ oníwàrà ni wọ́n fi ṣe é. OU-P kì í ṣe pareve, ìyẹn oúnjẹ tí kò ní ẹran tí kò sì ní wàrà. Ti Àjọ Ìrékọjá ni P yẹn. Lẹ́tà K lásán kò fi ẹni tó ṣọ́ oúnjẹ hàn, ẹ fi han mashgiach kí ẹ tó rà á. Nígbà tó jẹ́ ẹran ni wọn yóò jẹ ní alẹ́ Ẹtì, púpọ̀ nínú wọn kò ní fẹnu kan wàrà fún wákàtí mẹ́fà (àwọn ìdílé tó ti Jámánì wá, mẹ́ta), nítorí náà pareve ni gbogbo ìpanu aago mẹ́wàá. Ẹ já ọ̀rá ìpanu, kí ẹ sì ṣí ìdérí ìgò tuntun gbogbo lọ́sàn-án Ẹtì.

Kò sí máíkì, nítorí náà gbọ̀ngàn tó gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ yóò gbé ohùn olùbánisọ̀rọ̀ mì. Fún eré ìdíje, ẹ gé káàdì ìbéèrè sílẹ̀. Nígbà tí kò sí kíkọ máàkì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé kan, á máa ṣí i dé ojú ewé tó bá máàkì rẹ̀ mu.

Ipò yín gan-an wá ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Júù? Òfin wọn kò gba Júù láyè láti sọ fún yín ní Sábáàtì pé “ẹ bá mi tan iná yìí”, àyàfi ní àwọn ibi tí rábì mọ̀. Ọmọ kan lè kàn dúró níwájú yín kó ní, “Yàrá wa ṣókùnkùn gan-an.” Ẹ má tètè fò dìde. Iná tí ẹ bá tàn nítorí wọn, wọ́n lè má lè lo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ ti lé wọn kúrò ní yàrá wọn nìyẹn. Ní Ọjọ́rú, ẹ jókòó ti rábì, kó sọ èyí tí ẹ lè ṣe àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, òfin Sábáàtì yẹ̀ lórí ìyẹn: ẹni tó bá sún mọ́ fóònù jù ni kó pe 911, Júù tàbí ẹni tí kì í ṣe Júù, kò ní dúró de rábì. Ẹ̀yin ni kí fóònù tó ní iná, mọ́tò tó ní epo, àti orúkọ gbogbo ọmọ pẹ̀lú oògùn àti ohun tí ara wọn kọ̀ wà lọ́wọ́ yín, lórí ìwé.

Ní alẹ́ Àbámẹ́ta, láàárín aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 àti aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú 15 ni Sábáàtì ń parí ní àkókò yẹn, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń tẹ̀lé. Wọn kì í di ẹrù ìrìn-àjò nínú Sábáàtì. Lẹ́yìn Havdalah, ètò ìdágbére pẹ̀lú àbẹ́là tí wọ́n hun bí irun dídì, òórùn dídùn àti wáìnì, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 45 láti palẹ̀ mọ́, kí bọ́ọ̀sì dé ní aago méje.

Ẹ tún béèrè nípa ìyókù ọdún ilé-ẹ̀kọ́, màá kàn fọwọ́ bà á. Púrímù inú Ìwé Ẹ́sítérì, tó bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ní 2026, yóò bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù náà ní 2027, nítorí ọdún tó ní oṣù mẹ́tàlá ni. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ààwẹ̀, ẹ má ṣètò písà sí i. Lẹ́yìn Àjọ Ìrékọjá, púpọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ orin onílù títí di ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n tí wọ́n bá kà láti ọjọ́ kejì àjọ náà, tó jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2027, nítorí náà àgbéjáde orin yín gbọ́dọ̀ ti wáyé ṣáájú tàbí kó dúró. Tí ọmọbìnrin bá fẹ́ dá orin kọ níwájú ọkùnrin, ti rábì ni. Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ ka òfin líìgì lórí ìdíje alẹ́ Ẹtì kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀. Ní 2012, ilé-ẹ̀kọ́ Beren Academy ní Houston dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Texas, wọ́n fi ìdíje náà sí alẹ́ Ẹtì, ìgbà tí àwọn òbí gbé e lọ sí kóòtù ni wọ́n tó yí wákàtí rẹ̀ padà.

Èyí tó kù ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ ní ẹ fẹ́ sè wá fún wọn. Ẹ má gbé e wá. Kò sí oúnjẹ tí wọ́n sè nílé ẹni tí kì í pa òfin kosher mọ́ tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, nítorí ìkòkò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù tí ẹnikẹ́ni kò tíì bó kò nílò àmì kankan. Ẹ rà á fún alásè, ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń dín in nínú agbada tirẹ̀ pẹ̀lú òróró tirẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kí èèpo rẹ̀ ti dúdú díẹ̀ kó tó gé e.