Ṣé GIS (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya máàpù, tó sì ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀) lè fi hàn bóyá ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà ní Lokogoma, l'Abuja, wà lójú àgbàrá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè fi ojú ọ̀nà àgbàrá hàn, àmọ́ kò lè sọ ọjọ́ tí omi máa yalé. Ẹ gbé SRTM, ìyẹn àwòrán gíga ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òfurufú lọ́dún 2000 (ọ̀fẹ́ ni), sínú QGIS, ọ̀kan lára àwọn ètò GIS. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tí omi máa ṣàn gbà. Ẹ wá gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà lé e lórí. Àléébù rẹ̀ ni pé mítà 30 lóòró, mítà 30 níbùú ni ilẹ̀ tí ẹyọ onígun mẹ́rin kan nínú àwòrán yìí dúró fún, ó lè gbé odidi púlọ́ọ̀tì mì. Kò rí gọ́tà tó dí, kò sì rí ọgbà tí aládùúgbò mọ dí ojú odò. Nítorí náà, ẹ débẹ̀ lóṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, kí ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ ga dé lára ògiri àwọn ilé tó yí i ká.