Ṣé ìpín lára ẹṣin ìje lè sọ mí di Sangster?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń ṣe. Àwọn kan fi ìpín lọ̀ mí lára ẹṣin ìje. Wọ́n ní bí Robert Sangster ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kó tó di ẹni tó ń fi ẹṣin pa mílíọ̀nù. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àbí? Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé wọ́n ti tẹ ẹṣin náà lọ́dàá? Ó lè dà bí àwàdà létí yín, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Sangster wà.

Sangster kò bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Vernon bàbá rẹ̀ ló dá Vernons Pools sílẹ̀ ní Liverpool, irú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn bàbá wa nílé náà ń ta nígbà kan. Owó ti wà nílẹ̀. Afẹ́ ni ọ̀pọ̀ olówó ń ra ẹṣin fún nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Sangster, John Magnier tó ń sin ẹṣin ní Ireland, àti Vincent O'Brien tó ń tọ́ ẹṣin ìje níbẹ̀ rí i pé owó gidi kò sí lórí pápá. Ẹ̀yìn pápá ló wà. Òfin ẹṣin ìje kò gbà kí a fi abẹ́rẹ́ gbé àtọ̀ sínú abo. Akọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gùn ún, ẹni tó ni abo á sì sanwó. Akọ tó bá lórúkọ lè gun abo tó ju ọgọ́rùn-ún lọ láàárín oṣù díẹ̀ lóde òní. Láti 1969 títí di 2008 sì ni ìjọba Ireland fi yọ irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó orí.

Ní 1975, wọ́n lọ sí ọjà ẹṣin Keeneland ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wá àwọn ọmọ akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Northern Dancer. O'Brien mọ ẹ̀jẹ̀ yẹn: òun ló tọ́ Nijinsky, ọmọ Northern Dancer tó gba eré ńlá mẹ́ta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n rà ni The Minstrel, 200,000 dọ́là. Ẹṣin náà kéré, ojú rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun, àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń sá fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Derby 1977, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n ń sá ní Epsom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, O'Brien ki òwú bọ̀ ọ́ létí kí ariwo èrò má baà dà á láàmú, wọ́n yọ ọ́ nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gba ipò kìíní, ó sì gba eré ńlá méjì sí i. Lọ́dún yẹn kan náà, àrùn ojú ara abo ẹṣin bẹ́ sílẹ̀ ní Newmarket, Amẹ́ríkà sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹṣin Yúróòpù. Kíá ni wọ́n gbé The Minstrel wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà kí ilẹ̀kùn tó tì, kó lè máa gun abo níbẹ̀. Mílíọ̀nù 9 dọ́là ni wọ́n dá lé e.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Ní 1983, Ṣéìkì Mohammed ti Dubai fi mílíọ̀nù 10.2 dọ́là borí àwọn Sangster lórí Snaafi Dancer. Ẹṣin yẹn kò sáré rí, kò sì bímọ tó nǹkan. Ní 1985, Sangster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mílíọ̀nù 13.1 ra Seattle Dancer. Eré méjì péré ló gbà. Ṣùgbọ́n Sadler's Wells, tó sáré fún Sangster, di akọ tí ọmọ rẹ̀ pawó jù lọ ní Britain àti Ireland nígbà 14. Ẹni tó ní ẹṣin púpọ̀ ló lè fara da irú àdánù bẹ́ẹ̀ títí ọ̀kan á fi là. Ẹ̀yin ń ra ìdá kan lára ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀dá. Púpọ̀ nínú ẹṣin tí wọ́n ń pín láàárín ogún, ọgbọ̀n ènìyàn ni a ti tẹ̀. Ó ń jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n sì pẹ́ lórí pápá, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń retí irú owó Sangster ti pàdánù ibi tó ti ń wá. Tí wọn kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ta ló ni ín lọ́jọ́ tó bá fi pápá sílẹ̀? Àdéhùn mìíràn wà tó jẹ́ pé háyà ni. Ìpín yín á parí lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ, owó ẹni tó ń tọ́ ọ, alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà sí i lẹ́sẹ̀ àti àwa dókítà ẹranko (a ò sì rọjú) á máa dé lóṣooṣù, ó borí o, kò borí o.

Tí ọkàn yín bá ṣì fà á, abo tó wá láti ìran tó dára ni kí ẹ wá ìpín nínú rẹ̀, kí àdéhùn sọ ọ́ kedere pé ẹ ní ìpín nígbà tí wọ́n bá tà á fún ọmọ bíbí. Owó tí ẹ lè ná sórí òde àríyá láìbojúwẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí i. Kí lọ́yà ka ìwé náà, kí dókítà tí kì í ṣe tiwọn sì yẹ ẹsẹ̀ àti ọ̀fun ẹṣin náà wò kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.