Kí Ló Ń Dá Ọ̀dọ́ Aṣọ́lé Họ́kì Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Líìgì Ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Amẹ́ríkà ni èmi àti ẹbí mi ń gbé, a sì ti di olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín. Kí ló ń fà á tí aṣọ́lé (ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu àwọ̀n) ọmọ ọdún 18 tí gbogbo ènìyàn ń yìn fi ń di ẹni ìgbàgbé láàárín ọdún díẹ̀? Àbí àwọn tó ń yàn wọ́n kò mọṣẹ́ wọn ni?

Ìdáhùn: Àwọn tó ń yàn wọ́n mọṣẹ́, àkókò tí wọ́n ń yàn wọ́n ni ìṣòro lójú tèmi. Nǹkan bí ọmọ ọdún 18 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn ẹgbẹ́ inú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ń yàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ́lé sábà máa ń pẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí iṣẹ́ náà tó mọ́ ọn lára. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọmọ tó ga, tí ara rẹ̀ sì yá, lè fi gígùn ẹsẹ̀ àti yíyá ọwọ́ nìkan dí àwọ̀n. Ní líìgì ńlá, ẹni tó fẹ́ gbá rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń ṣeré wọlé kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ ibi tó ń gbá a sí, ó sì lè tì í sí ẹnì kejì lódìkejì kí aṣọ́lé tó yíjú, nítorí náà ẹni tó bá dúró títí tó fi rí rọ́bà dúdú náà kó tó gbéra ti pẹ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀, orí pápá ìdíje nìkan ni a sì ti ń kọ́ ìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NHL, aṣọ́lé méjì péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá sí ìdíje, ọ̀kan ló sì ń dúró sẹ́nu àwọ̀n. Atamátàsé tí kò tíì gbóná lè wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀; kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún aṣọ́lé.

Ẹ wo Al Montoya. Òun ló ṣọ́lé fún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 2004, ẹgbẹ́ New York Rangers sì yàn án ṣe ẹni kẹfà lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n Henrik Lundqvist, tí Rangers ti yàn ṣe ẹni 205 ní 2000, tó sì ti ń gbóná sí i nínú líìgì Sweden, dé ní 2005, ó sì wà níbẹ̀ fún sáà 15. Montoya kò ṣọ́lé fún Rangers nínú ìdíje NHL kankan. Ẹgbẹ́ Phoenix ló ti kọ́kọ́ rí àyè ní 2009. Mi ò lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀ọ́ṣe.

Ara náà tún wà ńbẹ̀. Aṣọ́lé òde òní a máa ṣubú lé orúnkún, a sì ya ẹsẹ̀ méjèèjì sóde, láìmọye ìgbà lójúmọ́. Rick DiPietro, aṣọ́lé, ni ẹgbẹ́ New York Islanders yàn ṣe ẹni àkọ́kọ́ pátápátá ní 2000, wọ́n bá a ṣe àdéhùn ọdún 15 ní 2006, mílíọ̀nù 67.5 dọ́là, ṣùgbọ́n ìfarapa léraléra kò jẹ́ kó lò ó dópin, wọ́n sì sanwó láti fòpin sí i ní 2013. Ó ń dùn mí tí àwọn ènìyàn bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó wà lára àwọn tí a yàn fún ìdíje àwọn ìràwọ̀ ní 2008.

Bí ẹ bá tún gbọ́ ìyìn ọ̀dọ́ aṣọ́lé kan, ẹ béèrè ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti iye ìdíje tí yóò rí ṣe. Ẹ má sì tètè sọ pé ó ti tán: Tim Thomas, ẹni 217 ní 1994, ti lé ní ọdún 30 kó tó fìdí múlẹ̀ ní Boston, òun ló sì ṣọ́lé nígbà tí wọ́n gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, ní 2011.