Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Pa Òdòdó "Ten O'Clock" Mi?

ÌBÉÈRÈ: Iwájú ilé wa n'Íbàdàn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Kóríko ibẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo wá fi "ten o'clock" rọ́pò rẹ̀. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin ín, mo sì da ìgbẹ́ adìyẹ sí i dáadáa. Síbẹ̀, ìdí rẹ̀ ń dúdú, ó ń rọ̀, òdòdó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

ÌDÁHÙN: Omi ló ń pa á, kì í ṣe oòrùn. Mọ̀lẹ́bí pápásan ni ten o'clock (Portulaca grandiflora). Ẹ tẹ ewé rẹ̀ wò: omi ló kún inú rẹ̀, òun ló sì ń mu nígbà ọ̀dá. Bí ilẹ̀ bá rin gbingbin lójoojúmọ́, gbòǹgbò ò ní í rí afẹ́fẹ́, ìdí á sì jẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó pọ̀ jù ló sọ ọ́ di eléwé láìsí òdòdó.

Èyí tí ìdí rẹ̀ ti dúdú kò ṣeé wò sàn mọ́. Ẹ gé ọ̀mùnú tó ṣì le lórí rẹ̀, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, kí ẹ hú ìyókù dànù. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ ọ̀mùnú náà kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún ọjọ́ kan kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ. Ẹ má fo èyí o. Ojú tútù ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Ẹ tú ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ po yanrìn odò bárò kan mọ́ erùpẹ̀ bárò méjì, kí ẹ sì gbé ojú rẹ̀ ga kí omi lè máa ṣàn kúrò. Ẹ ri ìdajì ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 wà láàárín wọn. Ẹ bomi rin ín lọ́jọ́ ìgbìn, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi ta gbòǹgbò, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà náà lọ, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì kí ẹ tó bu omi. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀.

Bó bá gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ṣófo, ẹ gé e dé ìdajì. Yóò tún rúwé. Kí òjò tó le, ẹ fi ọ̀mùnú díẹ̀ sínú ìkòkò lábẹ́ òrùlé, kí irú má bàa tán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó lè hù lábẹ́ igi máńgòrò?

ÌDÁHÙN: Rárá. Láìsí oòrùn wákàtí 6 lójúmọ́, kò ní í yọ òdòdó. Arachis pintoi, ìbátan ẹ̀pà tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó. Ó fara da ibòòji, ó sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ omi ju ten o'clock lọ. Ẹ ṣọ́ra fún wedelia, òdòdó kan tó ń fà nílẹ̀: gbogbo oríkèé rẹ̀ tó bá kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, kò sì ní í pẹ́ dé ọgbà aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè se ten o'clock bíi pápásan?

ÌDÁHÙN: Ẹ má sè é. Bí wọ́n bá dàpọ̀ mọ́ra, ẹ dúró kí wọ́n tanná: òdòdó pápásan kéré, àwọ̀ ìyeyè nìkan ló sì ń ní.