Èsì: Títẹ̀lé ẹṣin mẹ́wàá ní sáà eré ẹṣin Ìlú Ọba

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ yan ẹṣin mẹ́wàá, kí ẹ máa ta tẹ́tẹ́ lé wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sá, kí ẹ sì máa sọ owó di ìlọ́po méjì bí wọ́n bá pàdánù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìlọ́po méjì yẹn tì. Tí ẹ bá fi £5 bẹ̀rẹ̀, tí ẹ pàdánù lẹ́ẹ̀mẹfà léra, £320 lẹ ó fi lé èyí tó kàn.

Ohun tó ń jẹ irú yín lówó jù ni ìwúwo. Nínú eré handicap, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń di ẹrù wúwo lé ẹṣin tó bá lágbára jù kí gbogbo wọn lè bá ara wọn dọ́gba, bí ẹṣin yín bá borí lónìí, wọ́n lè gbé òǹkà rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀, láti 120 sí 127. Tó bá tún pàdé àwọn tó nà, ìwúwo pọ́n-ùn méje ló máa rù kún tàtẹ̀yìnwá. Owó tí wọ́n á san fún yín náà á ti kéré, torí gbogbo ayé ti rí i.

Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹṣin tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ pápá eré Haydock nígbà òtútù, bí ilẹ̀ bá gbẹ ní pápá Aintree lóṣù kẹrin, ẹ lè má dá a mọ̀ mọ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ lé e.